Kíláàsì kẹ̀kẹ́ ọ̀fẹ́ fún àgbàlagbà ní gúúsù London: bí mo ṣe rí i

Oṣù márùn-ún gbáko ni kẹ̀kẹ́ mi fi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí a ń sá aṣọ tútù lé e lórí. Àlòkù ni, £120 ni mo rà á, irú èyí tí irin àárín rẹ̀ rẹlẹ̀ tí obìnrin tó wọ síkẹ́ẹ̀tì lè gùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago méje òwúrọ̀ ló yẹ kí n ti wà níbẹ̀, bọ́ọ̀sì méjì ni mo sì ń wọ̀. Bí èkíní bá ti pẹ́, èkejì ti lọ nìyẹn. Mo ti ṣírò rẹ̀ pé láàárín ogún ìṣẹ́jú ni kẹ̀kẹ́ yóò gbé mi débẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbìyànjú ẹ̀. Mo rọ̀ mọ́ etí títì bí ẹni ń táràrà nínú òkùnkùn. Bọ́ọ̀sì kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbá mi, táyà iwájú kọlu òkúta etí títì, ọwọ́ ni mo sì fi gbalẹ̀. Ṣe ni mo ti kẹ̀kẹ́ náà padà sílé. Baálé mi wo àtẹ́lẹwọ́ mi tó bó, ó ní, “Ìyá Ìbejì, jẹ́ ká ta nǹkan yìí.”

Kì í ṣe pé mi ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn o. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òṣogbo, a máa ń háyà á lọ́wọ́ bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa, a ó máa gùn ún yípo pápá ilé ìwé títí àsìkò wa yóò fi pé. Ṣùgbọ́n inú pápá náà ló mọ. Ìyá mi ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá gbé e jáde sí títì, kó má wulẹ̀ padà wálé. Ohùn yẹn ni mò ń gbọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ti hó lẹ́yìn mi.

Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ fún mi pé kánsù ń kọ́ àgbàlagbà ní kẹ̀kẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Mi ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Àṣé ọ̀pọ̀ kánsù ní London ló ń ṣe é, fún ẹni tó bá ń gbé, tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń kàwé lágbègbè wọn. Transport for London, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà ní London, ló ń fún wọn lówó rẹ̀. Bikeability ni ètò tí wọ́n ń tẹ̀ lé, ìpele mẹ́ta ni: ti àkọ́kọ́ ní ibi tí ọkọ̀ kò sí, ìkejì ní òpópónà tó parọ́rọ́, ìkẹta ní ibi tí ọkọ̀ ti pọ̀. Mo kọ fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sọ òótọ́ níbẹ̀ pé mo lè gùn ún ṣùgbọ́n mi ò lè bá ọkọ̀ rìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi dúró kí wọ́n tó pè mí. Ó pẹ́ jù, ó sì kù díẹ̀ kí n yí ọkàn padà.

Olùkọ́ tí wọ́n rán wá jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Jàmáíkà. “Àǹtí” ló ń pè mí láti ọjọ́ kìíní, ara mi sì balẹ̀ sí i. Kó tó jẹ́ kí n gorí kẹ̀kẹ́, ó kọ́ mi ní ohun mẹ́ta tí èèyàn gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kó tó jáde nílé: afẹ́fẹ́ táyà, bíréèkì, ṣéènì. Ibẹ̀ la ti rí i pé bíréèkì ẹ̀yìn kò mú rárá. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ náà fún okùn rẹ̀ le lójú mi, ó ní kí n tú u kí èmi náà ṣe é.

Nínú ọgbà ìgbafẹ́ la ti lo wákàtí méjì àkọ́kọ́. Ìwẹ̀yìnwò ló gba àsìkò wa jù. Yóò dúró lẹ́yìn mi, yóò na ìka sókè, èmi yóò máa gùn lọ síwájú, n ó bojú wẹ̀yìn, n ó pariwo iye ìka tí mo rí. Nígbà àkọ́kọ́, bí mo ṣe yí ọrùn ni kẹ̀kẹ́ yí tẹ̀ lé e, ó kó mi wọ koríko. Nígbà tó máa fi di ogún ìgbà, ọrùn ń yí, kẹ̀kẹ́ ń lọ tààrà. Ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà bíi tèmi, ẹ má fojú kékeré wo èyí. Ohun tí mi ò rí ló ń já mi láyà. Ọkọ̀ tí mo ti wò lójú kì í já mi láyà tó bẹ́ẹ̀.

Kíláàsì kejì ló yí gbogbo nǹkan padà fún mi. A bọ́ sí òpópónà kékeré kan tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí lọ́tùn-ún lósì, mo tún lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí ìṣe mi. Ó dá mi dúró. Ó ní kí n wo ọkọ̀ tó wà nítòsí mi, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ tirẹ̀ tó wà níbẹ̀ gbagada. Etí ilẹ̀kùn yẹn dé ibi tí mo ti ń gùn gẹ́lẹ́. Ó wá ṣàlàyé pé bí mo bá sá sí ẹ̀gbẹ́, awakọ̀ ẹ̀yìn yóò rò pé àyè wà, yóò há mi mọ́ ibẹ̀ kó lè kọjá. Níbi tí ọ̀nà bá há, àárín ni kí n wà, kó rí mi, kó dúró títí àyè yóò fi gbà á. Àárín kẹ̀! Àyà mi já. Ṣùgbọ́n ó gùn tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, mo wo ẹ̀yìn, mo bọ́ sí àárín, ọkọ̀ pupa kan dẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó ń tẹ̀ lé wa jẹ́jẹ́. Kò fun fèrè. Ìbẹ̀rù tí mo rò pé ó ń dáàbò bò mí ló ń tì mí sínú ewu látọjọ́ yìí.

Òfin náà wà lẹ́yìn wa. Láti January 2022 ni Highway Code, ìwé ìlànà ìrìnnà ojú pópó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ ọ́ kedere pé oníkẹ̀kẹ́ lè gùn ní àárín níbi tí ọ̀nà bá há, àti pé kí awakọ̀ tí eré rẹ̀ kò ju máìlì 30 ní wákàtí kan lọ fi ó kéré tán mítà kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ bó bá ń yà wá kọjá. Ó tún ní kí ẹni tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ lo ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn, kí ojú rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ yí sẹ́yìn. Ọwọ́ òsì ni baálé mi fi ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ báyìí. Èmi ni mò ń ṣọ́ ọ.

Nípa ọkọ̀ akẹ́rù, gbólóhùn kan ni olùkọ́ mi tẹnu mọ́: má ṣe gba apá òsì rẹ̀ lọ síwájú láé, pàápàá nídìí iná ojú pópó. Bí ó bá yà sósì, awakọ̀ lè má rí ọ. Dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Kíláàsì mẹ́rin ni mo ṣe, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá sì ni máàkì tí mo fún wọn. Yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń yá ẹni tí kò ní tirẹ̀ tóbi jù fún obìnrin kúkúrú, mo rí ẹnìkan tó ń fi orí ìka ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Ẹ gbé tiyín lọ bí ẹ bá ní. Ẹ má wọ yẹ̀rì gbọọrọ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá rèé tí mo ti ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Ní Sátidé mo ń gbé e lọ sí Peckham, mo sì ń so ẹ̀fọ́ àti ẹja mọ́ ọn lẹ́yìn. Oríta ńlá kan ṣì wà lọ́nà tí àwọn tírélà ti ń yà. Tí mo bá dé ibẹ̀, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, n ó sì ti kẹ̀kẹ́ sọdá pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́sẹ̀. Mo ti béèrè fún kíláàsì kan sí i nítorí oríta yẹn. Wọ́n ti fún mi lọ́jọ́, Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀.