OraQuick tí wọ́n fi ń yẹ HIV wò nílé: ó dáa, àmọ́ ẹ má kánjú lò ó

Ẹ̀yin ará Kubwa, Nyanya àti gbogbo Abuja, mo ti lo OraQuick yẹn o, kẹ́mísìtì kan ní Wuse ni mo ti rà á, ọmọbìnrin tó tà á fún mi fi sínú ọ̀rá dúdú, kò bi mí ní ìbéèrè kankan, Ọlọ́run á bù kún un. Ohun tó wù mí jù ni pé kò sí abẹ́rẹ́ kò sí ẹ̀jẹ̀, ẹ máa fi igi ẹ̀ nu èrìgì òkè lẹ́ẹ̀kan, ẹ nu ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá kì í bọ ìgò kékeré tí omi wà nínú ẹ̀, ó di 20 mínítì kẹ́ ẹ tó wò ó, kó má sì kọjá 40. Tó bá jẹ́ ìlà C nìkan lẹ rí lára igi ẹ̀, kò rí HIV kankan nìyẹn. C àti T, kódà kí T rí fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gba ọsibítù lọ kí wọ́n tún un ṣe, torí kíìtì yìí nìkan ò tó láti fi sọ pé èèyàn ní HIV.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa rèé. Kì í ṣe kòkòrò yẹn gan-an ló ń wá, ohun tí ara ń ṣe láti fi bá a jà ló ń wá, ìyẹn sì lè tó oṣù mẹ́ta kó tó hàn. Ẹni tó bá sùn pẹ̀lú èèyàn ní Sátidé tó wá ń ra kíìtì ní Mọ́ńdè, owó ẹ̀ ló ń fi ṣòfò, bó bá tiẹ̀ ní in kò lè tíì hàn. Tẹ́ ò bá lè dúró pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí láàbù, ẹ béèrè àyẹ̀wò HIV tí wọ́n ń pè ní fourth generation, ẹ̀jẹ̀ apá ni wọ́n máa gbà, tiẹ̀ máa ń hàn láàárín 18 sí 45 ọjọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo kọ́ńdọ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí ò ya, tí ò yọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọkàn balẹ̀, ewu ibẹ̀ kéré gan-an ni. Àmọ́ tó bá ya, ẹ má dúró de kíìtì kankan! Ọsibítù ìjọba ni kẹ́ ẹ sáré lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ ní PEP lẹ fẹ́, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń lò kí HIV má bàa ranni lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kọjá 72 wákàtí, ọjọ́ 28 lẹ máa fi lo oògùn ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ wo ọjọ́ tó máa expire lára páálí, ẹ má sì gbé e sínú mọ́tò nínú oòrùn Abuja yìí, kò fẹ́ ooru tó ju 30 degree lọ.