Glyphosate fún kùkùté àgbàlá: ó ń pa gbòǹgbò, kì í hú kùkùté

Bí a bá gé máńgòrò, dóńgóyárò, gmelina tàbí tíìkì lulẹ̀ nínú àgbàlá, kì í pẹ́ tí ọ̀mùnú fi ń rú yí kùkùté ká. Ìyẹn ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé ìsọ̀ oníkẹ́míkà láti ra glyphosate, oògùn apako. Oògùn náà dára, ó sì tó owó rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ kan péré ló mọ̀: ó ń pa gbòǹgbò kí igi má baà hù mọ́. Kùkùté fúnra rẹ̀ á ṣì jókòó síbẹ̀ fún ọdún díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ da kọnkéré síbẹ̀, dígà àti àáké ni kó wá.

Ẹ wo ara ìgò kẹ́ ẹ tó sanwó. Òmíràn kọ 360 g/L, òmíràn 480 g/L, òmíràn 41%, olùtajà á sì máa pe ti 480 ní èyí tó le jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: 480 àti 41% ka iyọ̀ isopropylamine tí wọ́n pò mọ́ ọn, 360 ka glyphosate nìkan. Ẹ má fowó kún owó nítorí ìyẹn. Ẹ má sì gba paraquat, oògùn apako mìíràn, dípò rẹ̀. Ibi tó bá kàn nìkan ló ń jó, kì í sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò, ìwọ̀nba díẹ̀ tí èèyàn bá sì ṣèèṣì gbé mì lè gbẹ̀mí rẹ̀.

Àsìkò ló ṣe pàtàkì jù. Kí oògùn àti búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ agégi tó dún. Ẹ gé e kó tẹ́jú, kó má ga ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ẹ gbá ìyẹ̀fun igi kúrò lórí rẹ̀, torí òun ni yóò mu oògùn yín tán, kẹ́ ẹ sì kùn ún láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ojú igi á dì. Ẹ lò ó bó ṣe wà nínú ìgò, tàbí kẹ́ ẹ bu omi sí i ní ìdajì-ìdajì. Kì í ṣe gbogbo ojú kùkùté lẹ ó kùn o. Àárín ti kú tipẹ́. Etí ni ẹ̀mí igi wà, lábẹ́ èèpo, ní fífẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Kùkùté tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 kò jẹ ju nǹkan bíi mílílítà 30 lọ. Ẹni tó da ìdajì ìgò sórí ẹyọ kan, ilẹ̀ ló ń fún ní oògùn.

Omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ fi pò ó. Omi tó rú ní amọ̀ nínú, amọ̀ sì ń gbá glyphosate mú. Inú ike ni kẹ́ ẹ ti pò ó, kì í ṣe báàkẹ́ẹ̀tì páànù: ó ń bá síńkì ara páànù jà, gáàsì tó lè gbaná á sì jáde. Bí òjò bá ṣú, ẹ fi igi gígé dọjọ́ mìíràn. Wákàtí 6 láìsí òjò ló fẹ́.

Kùkùté tó ti pé oṣù kan ńkọ́? Kíkùn lásán kò ràn án. Ẹ tún bẹ́ orí rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3 kí ojú tútù jáde, tàbí kẹ́ ẹ fi dírììlì lu ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 yí etí ká, kẹ́ ẹ sì rọ oògùn sí i lójú ẹsẹ̀.

Máńgòrò méjì tó sún mọ́ra lè ti so gbòǹgbò pọ̀ nísàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá foògùn pa ọ̀kan, èkejì lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Níbẹ̀, ẹ má lo oògùn; ẹ máa ṣẹ́ ọ̀mùnú ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí agbára gbòǹgbò á fi tán. Ọ̀pẹ àti àgbọn ò nílò oògùn rárá: ojú kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dàgbà, òkè ló sì wà. Kùkùté tiwọn, ẹ là á wẹ́wẹ́ kó gbẹ, kí ìtun, kòkòrò tó ń jẹ ọ̀pẹ, má baà fi ibẹ̀ ṣelé, kó sì gbéra lọ bá èyí tó kù.

Kùkùté tó kú, oúnjẹ ikán ni. Bó bá wà ní nǹkan bíi mítà 3 sí ògiri ilé, híhú ló yẹ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ hú igi kò gbọdọ̀ gé e mọ́lẹ̀: ẹ jẹ́ kó ku mítà kan sókè, kí okùn tẹ́ ẹ ó fi fà á lè rí ibi dì mú, ẹ gbẹ́ yàrà yí i ká, kẹ́ ẹ sì gé gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́. Bí a bá ti gé e mọ́lẹ̀ tán, ẹni tó mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì.

Iyọ̀ àti ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ḿ tí wọ́n ń dà sí i kò dára. Ilẹ̀ ni wọ́n ń bà jẹ́, ọ́ìlì sì lè jò dé kànga.

Ní 2015, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ka glyphosate mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa àrùn náà. Ìdí nìyẹn tí búrọ́ọ̀ṣì fi tẹ́ wa lọ́rùn ju ẹ̀rọ ìfínko lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó ṣẹ́kù sílẹ̀ nínú ìgò tirẹ̀. Ẹ má ṣe dà á sínú ìgò mínírà láéláé.