Mo bá àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ jó ijó "sẹ́fẹ́ńtíìsì" n'Íbàdàn, ẹ gbọ́ bó ṣe lọ

Ẹsẹ̀ ṣì ń ro mí bí mo ṣe ń tẹ èyí, torí náà ẹ mọ̀ pé mo jó. Àríyá tí wọ́n ní ká múra wá bí ará àwọn ọdún 1970 ni, họ́ọ̀lù kan ní Bódìjà, Sátidé tó kọjá. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan ₦15,000, tébù ẹlẹ́ni mẹ́jọ ₦100,000, àwa mẹ́jọ nínú ẹgbẹ́ akọrin wá dáwó jọ, ó bọ́ sí ₦12,500 lórí kálukú. Mò ń kọ ọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ lọ sí èyí tó ń bọ̀ lè mọ ohun tó ń kówó lé.

Ká tó débẹ̀ gan-an, ìjà ti fẹ́ bẹ́ lórí WhatsApp. Bí mo ṣe ju póstà náà síbẹ̀ ni Bọ̀dá kan tó ń kọ tẹ́nọ̀ ní ṣé ká wá fẹ́ kí Fíkà bá wa níbi tá a ti ń ju ìdí ni. Gbogbo gúrúùpù dákẹ́. Ni Mọ́mì tó dàgbà jù nínú àwa tá à ń kọ áltò, ẹni ọdún 74, tí wọn kì í tẹ ohunkóhun síbẹ̀ ju "Àmín" lọ, bá fi ohùn wọn ránṣẹ́: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, I.K. Dairo olórin jùjú tó gba oyè MBE lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1963, Aládùúrà ni. Ebenezer Obey tẹ́ ẹ̀ ń pè ní Ajíyìnrere lónìí, ta ló jó orin ẹ̀ nígbà náà bí kò ṣe èmi? Ẹ bá mi fi orúkọ mi sí i." Ó parí. Bọ̀dá tẹ́nọ̀ náà sanwó lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Aṣọ wá kù. Àwọn tó ṣe àríyá ní ibì kan wà tá a ti lè háyà aṣọ, ₦8,000 fún ṣòkòtò lábú tó fẹ̀ nísàlẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó àti wíìgì Áfúrò. Ẹ má lọ síbẹ̀ o. Wíìgì ń rùn kánfọ̀, síìpù ṣòkòtò ẹnì kan ò gòkè mọ́, ó fi pínnì dè é títí ilẹ̀ fi ṣú, bàtà gàráńtì onígìgísẹ̀ gíga tí wọ́n fún Bọ̀dá tó ń kọ báàsì sì la ẹnu láàárín ijó bí ẹja tó fẹ́ mí. Èmi ò háyà nǹkan kan, òlekú ni mo ní kí télọ̀ rán fún mi, ìró rẹ̀ dé orúnkún péré. Mo rò pé mo ti gbé e dé góńgó ni mo bá dé ilé Mọ́mì tá a fẹ́ jọ gbéra.

Ẹ wò ó, obìnrin yìí jókòó nínú léèsì aláwọ̀ ọsàn tó ní ihò káàkiri. Mo fẹ́ sọ pé Mọ́mì, eku ti bá yín jẹ aṣọ o, Ọlọ́run ló kó mi yọ. Wọ́n ní wọ́ńyòsì là ń pè é, ihò yẹn gan-an la sanwó fún, ìgbà tí owó Udoji jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975 tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó jaburata lẹ́ẹ̀kan ni ọkọ wọn rà á fún wọn. Wọ́n ti lọ dirun sí Mọ́kọ́lá látàárọ̀, onílé gogoro, òwú dúdú, kò sí wíìgì kankan níbẹ̀. Wọ́n wo àwọn sísítà méjì tó wọ lábú, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín pé lábú la wọ̀ lọ òde ìnáwó? Lábú wà fún fọ́tò àti síníma." Wọ́n wá tú àpótí, wọ́n yọ damáàsìkì jáde, wọ́n wé e fún wọn.

Aago márùn-ún ni wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Aago mẹ́jọ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan jìtá. Wákàtí mẹ́ta gbáko là ń wo ọ̀ṣọ́ họ́ọ̀lù, ọ̀ṣọ́ ọ̀hún dára ṣá, wọ́n ya orí Ìdíà, ìyá ọba Bìní, tó jẹ́ àmì àjọ̀dún àṣà FESTAC 77 sára ògiri, wọ́n so àwo rẹ́kọ́ọ̀dù rọ̀, Peugeot 504 kan wà níta tá a lè dúró tì ya fọ́tò, ₦2,000, lẹ́yìn tá a ti san owó ìwọlé o! Ibì kan tún wà tí wọ́n ya náírà sí tí wọ́n kọ 1971 sábẹ́ ẹ̀. Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní 1971, pọ́ùn àti ṣílè làwọn ń ná, 1973 ni náírà dé. Ọmọkùnrin tó ń dúró níbẹ̀ ní òun ò tíì wáyé nígbà yẹn Mà. Oúnjẹ, ká má sọ̀rọ̀ ẹ̀. Jọ̀lọ́ọ̀fù tán kó tó dé tébù kọkànlá tiwa, púfpúf la fi gbé e kúrò.

Àmọ́ nígbà tí àwọn bàbá onílù yẹn bẹ̀rẹ̀, mo dárí jì wọ́n. Jìtá mẹ́ta, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, bàbá kan tó ń tẹ kọ́dííọ̀nù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú háíláìfù, wọ́n yí i sí jùjú, wọn ò sì dúró, orin ń wọ inú orin bíi ti ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù ayé àtijọ́ tó ń lọ láìsinmi. Àwa ń fò sókè sódò bí ẹni tí iná gbé. Mọ́mì ní, "Ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gángan sọ̀rọ̀ tán kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn." Wọ́n bọ́ síwájú, wọ́n tẹ̀ díẹ̀, èjìká nìkan ló ń mì, ìdí ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Onígángan rí wọn, ó sọ̀ kalẹ̀ látorí pèpéle wá bá wọn, ó ń ki onílé gogoro. Mi ò rí ibi tí họ́ọ̀lù ti dákẹ́ báyẹn rí.

Wọn ò gbà ká lẹ náírà mọ́ ẹnikẹ́ni lórí, torí òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 àti torí EFCC, káàdì ₦200 ni wọ́n ń tà tí àwọn onílù máa wá fi gba owó tó bá yá. Ìyẹn mọ́gbọ́n dání. Káàdì bo Mọ́mì mọ́lẹ̀, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ fún onígángan.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ní aago mọ́kànlá wọ́n lé àwọn bàbá yẹn kúrò, DJ kan gbé amapiano sí i. Ṣé torí ẹ̀ la ṣe dirun? Mọ́mì béèrè báàgì wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a bá wọn dìde, aago méje ni ìsìn àkọ́kọ́ wa ṣáà ni.

Tó bá jẹ́ fọ́tò lẹ fẹ́ yà, ẹ dá ₦15,000 yín dúró. Tó bá jẹ́ ijó, ẹ jẹun nílé, ẹ dé ní aago mẹ́jọ, kẹ́ ẹ sì mú ẹnì kan tó gbé ayé ìgbà náà dání. Wọ́n ní wọ́n máa tún un ṣe lóṣù Kejìlá. A ti ní kí wọ́n fi tébù tó sún mọ́ onílù sílẹ̀ fún wa, Bọ̀dá tẹ́nọ̀ tó ń béèrè Fíkà ló kọ́kọ́ fowó ránṣẹ́.