Mo fi èédú sọ́dọ́ọ̀sì se ẹ̀wà fún oṣù kan

Aago mẹ́ta òru ni mo máa ń gbé ìkòkò ẹ̀wà tí mo ń tà kaná. Láti ìgbà tí kílò gáàsì kan ti kọjá ₦1,000 ni mo ti padà sídìí èédú, èyí tí wọ́n ń kó wọ Ìbàdàn láti Òkè-Ògùn. Èédú igi ayín ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn: ó wúwo, kì í sì í tètè di eérú. Ṣùgbọ́n ayín gidi ti wọ́n bí ojú. Inú àpò kan náà lẹ ó ti bá ayín, igi máńgòrò, àti òkúta tí ẹnì kan jù sí i kó lè tẹ̀wọ̀n.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dá ọmọkùnrin kan lóhùn nígbà tó gbé èédú sọ́dọ́ọ̀sì, ìyẹn èédú tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pákó ṣe, wá bá mi. Ẹ̀yìn ọjà pákó Bódìjà ló ti ń ṣe é. Sọ́dọ́ọ̀sì kì í ṣe àjèjì sí mi o. Ẹ̀bùté-Mẹ́ta ni wọ́n bí mi sí, lẹ́bàá àwọn onípákó Oko-Baba. Nígbà náà, ẹni tó bá gba orí afárá Third Mainland kọjá máa ń rí èéfín rẹ̀ lórí ọ̀sà. Ìyá mi tiẹ̀ fi ń dáná. Wọ́n á ti igi bọ ihò tó wà nídìí garawa ọ̀dà, wọ́n á gbé ìgò sí àárín, wọ́n á wá máa ki sọ́dọ́ọ̀sì yí i ká, wọ́n á máa fi ọmọ odó gún un mọ́lẹ̀. Bó bá ti le, wọ́n á fa ìgò yọ, wọ́n á fa igi yọ, iná á máa jẹ ẹ́ láti inú bọ̀ wá síta títí di ọ̀sán. Èéfín rẹ̀ nìkan ló burú.

Ti ọmọ yìí kò ní èéfín bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ti sọ ọ́ di èédú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo lọ wò ó kí n tó sanwó. Inú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n dé, tí afẹ́fẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ̀, ni wọ́n ti ń sun sọ́dọ́ọ̀sì pẹ̀lú ṣùkù àgbàdo. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ gbígbóná pò ó, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ gàrí, wọ́n á wá sá a sóòrùn. Ó rí bíi páìpù kúkúrú. Mo bi í bóyá ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ti fi oògùn kùn wà níbẹ̀. Ó ní òun kì í gba ti àwọn káfíńtà rárá, nítorí gọ́ọ̀mù pílíwúùdù. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n ra àpò mẹ́ta.

Ọjọ́ kìíní, inú bí mi. Ihá díẹ̀ ni mo fi ń ran ayín, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi ń pọ́n. Èyí gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo fẹ́ ẹ títí apá fi ń ro mí. Àmọ́ nígbà tó pọ́n tán, kò ta ẹ̀ta iná kan (gbogbo ìró tí mo ní ló ti dá lu tíntìntín nítorí èédú). Mẹ́rìnlá ni mo kó sínú sítóòfù Abacha mi fún ẹ̀wà kóńgò mẹ́ta. Mi ò fi ọ̀kan kún un títí ẹ̀wà fi rọ̀, mo sì tún fi iná tó kù se ẹyin. Àpò rẹ̀, ₦4,000, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbé mi. Èédú igi tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a dọ́gba jẹ́ ₦4,500, kì í ju ọjọ́ mẹ́fà lọ.

Fún àkàrà, ẹ má rà á. Iná rẹ̀ kì í ru sókè, òróró ò gbóná tó, àkàrà á wá mu òróró yó. Mo dán an wò, èmi náà ni mo jẹ gbogbo ẹ̀.

Ọmọ náà tún ní èyí tí wọ́n fi èèpo ìrẹsì ṣe, owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Eérú rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń dí ìdí sítóòfù pa. Ti sọ́dọ́ọ̀sì kéré, ó fúyẹ́. Ìyá tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ládùúgbò wa gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kò tó ti èèpo kòkó.

Àpò kẹta ló bà mí nínú jẹ́. Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọ náà ò sì jẹ́ kó gbẹ tán kó tó dì í. Mo gbé e, ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èmi òpè ń rò pé ó fi ènì sí i. Omi ni mo rà! Mo ṣẹ́ ọ̀kan, inú rẹ̀ tutù, ó ń rùn bí ògì tó kan jù. Lórí iná ó ń dún ṣìì, ó sì tú ká. Ẹ̀wà ọjọ́ yẹn ò délẹ̀ títí di aago mẹ́jọ, àwọn ọlọ́kadà mi ti lọ jẹun lọ́dọ̀ alámàlà. Ọmọ náà ní òun á pààrọ̀ àpò náà. Ìdajì ló gbé wá.

Ní báyìí, mo máa ń fi méjì gbá ara wọn kí n tó sanwó. Bó bá dún “kò”, ó ti gbẹ. Bó bá dún “pọ̀”, ẹ dá a padà.

Ìta gbangba ni mo ti ń dáná o. Ẹ má torí pé kò léèéfín gbé e wọ yàrá. Èédú ni, atẹ́gùn rẹ̀ ń pa ènìyàn, kò sì ní òórùn tí ẹ ó fi mọ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún. Mo ti ní kí ọmọ náà fi páànù bo ibi tó ń sá a sí. Ó ní òun ń wá owó páànù.