Páálí kẹjọ

Ọmọ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù táìlì náà wo ojú mi, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Mọ́mì, ṣé onítáìlì yín ń bọ̀ ni?" Mo ní èmi ni onítáìlì. Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15 tí mo mú dání kó lè bá mi gbẹ́rù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọjà fún un. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ yọ máàkì kan kúrò nínú mẹ́wàá tí ṣọ́ọ̀bù náà ní lọ́wọ́ mi. Tíṣà ìṣirò ni mí, ẹ má bínú, máàkì ni mo fi ń ronú.

Ilé ìdáná wa ní Àpẹtẹ̀ ló gbé mi débẹ̀. Ọ́ọ̀lì pẹ́ǹtì tí wọ́n kùn sí i nígbà tí a kọ́lé ti dúdú kirikiri níbi tí a ń dáná sí, epo ti lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ọṣẹ ò ràn án mọ́. Owó iṣẹ́ tí onítáìlì kan pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó táìlì fúnra rẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ ní ká fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Láti 2019 ni mo ti ń gbọ́ ọdún tó ń bọ̀ yẹn.

Mo wọn ògiri méjì. Ọ̀kan jẹ́ mítà 3, ìkejì jẹ́ mítà 2.4, mo sì fẹ́ kí táìlì ga dé mítà 1.8. Táìlì sẹ̀ǹtímítà 30 sí 60 ni mo mú, mẹ́jọ ló wà nínú páálí kan. Lórí ìwé, ó bọ́ síra wọn géérégé: márùn-ún níbí, mẹ́rin lọ́hùn-ún, ìlà mẹ́fà sókè, táìlì 54. Mo ra páálí méje, ìyẹn 56. Méjì á ṣẹ́ kù. Inú mi dùn sí ara mi gan-an lọ́jọ́ náà.

Kí n kọ́kọ́ yìn wọ́n níbi tí ìyìn tọ́ sí. Mo yọ táìlì mẹ́rin nínú páálí méjì, mo dojú wọn kọra wọn: kò sí èyí tó tẹ̀, etí wọn sì bára mu. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù bá mi dín owó díẹ̀, ó sì pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n to páálí náà lóròó sínú Máíkírà, pé èyí tí wọ́n bá tẹ́ sílẹ̀ á sán lójú ọ̀nà. Ìdí Máíkírà fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ò sán.

Gọ́ọ̀mù táìlì tí wọ́n tà fún mi, àpò oníkílò 20 mẹ́ta, ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà wa ṣì ń gbá sìmẹ́ǹtì sáàárín ẹ̀yìn táìlì bí ẹni fẹ́ ta òkèlè, tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì ṣófo. Gọ́ọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀. Omi lẹ máa kọ́kọ́ bù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó da ìyẹ̀fun lé e. Ẹ rò ó, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tún un rò. Ó gbọ́dọ̀ dúró lórí ṣíbí bí àmàlà tó jinná, kó má ṣàn. Ẹ wá fi ṣíbí eléyín fà á sára ògiri, á la ìlà tẹ̀lé ìlà bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ojú rẹ̀ tó tètè ń gbẹ ni ẹ máa ṣọ́. Lọ́jọ́ kìíní, mo fà á sí ibi tó fẹ̀, fóònù dún, mo lọ gbé e. Ìgbà tí mo dé, táìlì tí mo tẹ̀ mọ́ ọn já bọ́, ó fọ́ sí méjì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìka kàn án: tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, mo ha á dànù.

Ṣíṣá ògiri kí gọ́ọ̀mù lè rí nǹkan dì mú gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú hámà àti ṣísù. Ẹ kó ìkòkò àti ìrẹsì yín jáde pátápátá o, ẹ má sọ pé ẹ fi aṣọ bò ó. Iná ni mi ò fọwọ́ kàn rárá. Oníná ló wá tú àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́fẹ́lù tí wọ́n kó mọ́ ọjà fún mi, èyí tí a fi ń wò ó bóyá nǹkan tẹ́jú, kò dáa. Mo gbé e sórí tábìlì, ó ní tábìlì tẹ̀ sọ́tùn-ún. Mo yí orí rẹ̀ padà níbì kan náà, ó ní ó tẹ̀ sósì. Mo dá a padà, wọ́n ní ọjà tí àwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á mọ́. Máàkì méjì lọ. Rọ́bà olómi tí bíríkìlà ń lò ni mo fi ṣe é nígbẹ̀yìn: ọmọ mi di ẹnu kan mú, èmi di ìkejì, ibi tí omi bá dúró sí lọ́wọ́ àwa méjèèjì ni mo fàlà sí. Tí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, irọ́ ló máa pa.

Ìgbà tí mo dé táìlì tó gbẹ̀yìn ní ìlà kìíní ni mo rí ohun tí tíṣà ìṣirò gbàgbé. Rọ́bà kékeré bí àgbélébùú tí a ń fi sáàárín táìlì jẹ́ mìlímítà 2. Àlàfo mẹ́rin, mìlímítà 8. Táìlì karùn-ún ò wọlé! Ọmọ mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo òkè. Maṣíìnì ìgétáìlì tí mo háyà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù náà dára tẹ́ ẹ bá fẹ́ la táìlì sí méjì: ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó dún "pá". Ṣùgbọ́n etí tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, kò lè gé e. Mo fọ́ mẹ́ta kí n tó lọ bẹ wẹ́dà àdúgbò wa kó wá fi maṣíìnì oníná bá mi rẹ́ ìyókù.

Ẹ bá mi kà á: mẹ́rin ti fọ́, ó ku 52. Mo padà lọ ra páálí kẹjọ torí táìlì méjì. Orúkọ kan náà, àwòrán kan náà lára páálí. Alẹ́ ni mo lẹ̀ wọ́n, lábẹ́ gílóòbù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, àwọn tó kù funfun bí ẹfun, àwọn méjì wọ̀nyí funfun bí ògì.

Mo wo ẹ̀gbẹ́ páálí, nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti méje àkọ́kọ́. Iná ni wọ́n fi ń sun táìlì, èyí tí wọ́n sun lónìí lè má bá èyí tí wọ́n sun lóṣù tó kọjá dọ́gba, ohun tí nọ́ńbà yẹn wà fún nìyẹn. Mo gbé páálí lọ fi hàn wọ́n. Ọmọkùnrin ọjọ́sí ní, "Mọ́mì, funfun ni funfun." Mi ò bá wọn jà nítorí àwọ̀. Ohun tó bí mi nínú ni pé onírúurú nọ́ńbà wà nínú ìtò kan náà níwájú wọn, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi pé kí n fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé iye tí mo bá ṣírò, kí n kó páálí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Máàkì méjì tún lọ. Ó ku 5 nínú 10. Gọ́ọ̀mù nìkan gba 9. Ìkọ̀wé ara àpò rẹ̀ ló kéré jù.

Àwọn méjì náà wà lókè síǹkì, lápá òsì. Bàbá àwọn ọmọ ò tíì rí i, oṣù mẹ́rin rèé. Mẹ́fà tó kù nínú páálí kẹjọ wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ẹni tó bá ń wá funfun bí ògì, kó wá kó wọn.