Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ inú táyà kí ẹ tó sanwó: bí wọ́n ṣe fi jíìpù háíbíríìdì lù mí ní jìbìtì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá Lexus RX 450h tókúnbọ̀ lásìkò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó kówó fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á fún mi, lọ́yà ló ní kí n má dárúkọ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó lò kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, ẹ ó máa bá a pàdé.

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo máa ń lọ kó ọjà l'Ékòó. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 fò dé ₦488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì dúró síbẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn ṣe fún èrè wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní háíbíríìdì ni màá rà, ọkọ̀ tí iná mànàmáná ń bá ẹ́ńjìnì gbé ẹrù, tí kì í fi epo ṣòfò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni mo lọ wò ó. Ẹ́ńjìnì ti gbóná kí n tó dé. Wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán ni, àwọn sì gbé e sípò. Iná ìkìlọ̀ kan ò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú, wọ́n ń dán bíi pé wọ́n fi àdín pa wọ́n. Oníṣòwò ní, "Mọ́mì, táyà tuntun mẹ́rin la fi sí i fún yín, ẹ ò tún ní náwó kan táyà fún ọdún márùn-ún." A wà á yí àdúgbò ká fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní epo inú rẹ̀ ò pọ̀. Mo san mílíọ̀nù mẹ́tàlá náírà, mo gba rìsíìtì, mo gba kọ́kọ́rọ́, mo ń kọrin lọ sílé.

Ní ọjọ́ kẹta, ìṣó gún táyà ẹ̀yìn ní Ìwó Road. Bàbá fọ́kánáísà tú u, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó wá dákẹ́. Ó ní, "Ìyá Aláṣọ, ẹ wá wo nǹkan." Ó fi èékánná ha ẹrẹ̀ kúrò lára ẹ̀gbẹ́ táyà, apá tó kọjú sínú ọkọ̀. Mo rí DOT, àmì tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára táyà, mo rí lẹ́tà bíi mélòó kan, nọ́ńbà mẹ́rin sì tẹ̀ lé e: 2214. Ọ̀sẹ̀ kejìlélógún, ọdún 2014. Táyà tí wọ́n pè ní tuntun ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Bàbá tẹ rọ́bà náà mọ́lẹ̀, àárín àwọn ìlà rẹ̀ sì là, ó sán bíi gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Àwọn ìlà tó jìn dáadáa tí mo rò pé tuntun ni? Irin gbígbóná ni wọ́n fi tún wọn là. Ẹ̀gbẹ́ wọn ò dọ́gba, níbì kan wáyà ti ń yọjú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ọ́n. DOT lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì táyà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún sábà máa ń wà. Àwọn tó fẹ́ lù yín ní jìbìtì á yí ẹ̀gbẹ́ yẹn sínú, kẹ́ ẹ lè rí DOT níta kí ọkàn yín balẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ na fóònù sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú iná, ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ inú táyà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti fá nọ́ńbà náà, ẹ máa lọ sílé yín. Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe táyà ni SON, àjọ tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò, àti FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ní ká lò ó mọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé táyà lásán ni. Ní ọdún 2016, táyà fọ́ lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, Mínísítà James Ocholi, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ sì bá a lọ. Jíìpù olówó ńlá ni wọ́n wà nínú rẹ̀.

Mo pe oníṣòwò. Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ṣé torí táyà lẹ ṣe ń pariwo báyìí?" Ó fi ₦40,000 ránṣẹ́, mo sì gbà á. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣì í. Ẹni tó lè jókòó kó máa fi irin gbígbóná la táyà ọdún mẹ́wàá, kí ni kò ní ṣe sí ohun tí ojú èmi ò lè rí? Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n dá ọkọ̀ padà. Mo ní mo láàánú. Ọ̀lẹ ni mo ya.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ń bọ̀ láti Balógun, aṣọ kún ìjókòó ẹ̀yìn dé òrùlé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ṣágámù ni dáṣíbọ́ọ̀dù kọ ọ́ gàdàgbà: CHECK HYBRID SYSTEM, ìyẹn ni pé kí n lọ yẹ ètò háíbíríìdì rẹ̀ wò. Ọkọ̀ ò kú, ṣùgbọ́n ó ń fà bí ìgbín. Ọlọ́run ló gbé mi dé'lé.

Mẹkáníìkì tó mọ háíbíríìdì n'Ìbàdàn fi sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, sí i, kóòdù P0A80 ló gbé jáde: bátìrì ńlá, èyí tó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ti ń kú. Mo tún pe oníṣòwò. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín, ó bínú. Ó ní ẹrù aṣọ mi ló ba bátìrì jẹ́. Kí n sòótọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gún mi, torí apá kan rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Bátìrì yẹn nílò afẹ́fẹ́. Ihò tó ń gba afẹ́fẹ́ sínú wà nídìí ìjókòó ẹ̀yìn, bí ẹ bá sì fi àpò, aṣọ tàbí kápẹ́ẹ̀tì dí i, ooru á máa jẹ bátìrì níwọ̀n-níwọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní in nílé, ẹ lọ wo ibẹ̀ lónìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa eruku inú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹrù ọjọ́ kan ò lè pa á.

Mẹkáníìkì yẹn ló gbà mí. Ó ní sìkánà máa ń sọ bí ọkọ̀ ṣe rìn tó láti ìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù ìkìlọ̀ rẹ́ kẹ́yìn. A wò ó: máìlì 272. Mo mú rìsíìtì mi jáde, wọ́n kọ iye máìlì tí ọkọ̀ ti rìn lọ́jọ́ tí mo rà á síbẹ̀. A yọ ọ́ kúrò nínú ti dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ku 270. Máìlì méjì tó ṣẹ́kù? Òun la fi yí àdúgbò ká lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: nígbà tí mo wà lẹ́nu géètì ni wọ́n ń pa iná ìkìlọ̀ rẹ́.

Nítorí náà, ẹ mú ẹni tó ní sìkánà dání. Kì í ṣe kóòdù nìkan ni kó wò, kó wo bí ọkọ̀ ti rìn tó láti ìgbà ìparẹ́ náà, kó sì wo bóyá àwọn ìdánwò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń ṣe fún ara rẹ̀ ti parí. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì ṣófo, ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án láìpẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé tútù lẹ fẹ́ bá ẹ́ńjìnì, kẹ́ ẹ sì wà á fún wákàtí kan, kódà bí ẹ̀yin lẹ máa ra epo. Ẹni tó bá kọ̀, ó ti dá yín lóhùn.

Ní ti ọdún rẹ̀, wọ́n ní 2013. Ojú rẹ̀ jọ ọ́ lóòótọ́, gíríìlì iwájú tó fún ní ìbàdí bíi gángan. Àṣé 2010 ni wọ́n gbé ojú tuntun lé. Nínú lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ẹ ka ìkẹwàá: A ni 2010, D ni 2013. Tèmi, A.

Mo kọ́kọ́ gbà kí wọ́n "tún" bátìrì náà ṣe fún mi ní ₦650,000. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyọ bátìrì kéékèèké 30 ló wà nínú rẹ̀, tí àpapọ̀ agbára iná wọn jẹ́ fólítì 288. Méjì ni wọ́n pààrọ̀. Àwọn 28 tó kù ti darúgbó, iná ìkìlọ̀ sì padà tàn kí ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó pé. Ẹ má sì jẹ́ kí rìwáyà ẹ̀bá ọ̀nà fọwọ́ kan àwọn wáyà aláwọ̀ olómi ọsàn tó ń gbé iná bátìrì ńlá yẹn, iná inú wọn ń pa èèyàn. Nígbẹ̀yìn mo ra odindi bátìrì pẹ̀lú ìwé ìdánilójú ọdún kan. Mi ò ní kọ iye rẹ̀ síbí, ọkọ mi náà ń ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Táyà ló kù. Michelin ti kúrò ní Port Harcourt, Dunlop náà ò ṣe táyà n'Ìkẹjà mọ́, òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, ìjọba sì ti fòfin de kíkó táyà àlòkù ọkọ̀ kéékèèké wọlé. Síbẹ̀, àlòkù ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fún mi, ó ní "Bẹ́ljíọ̀m gidi ni, Àǹtí." Ẹlòmíì gbé tuntun wá, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti ká wọnú. Wọ́n ti rún un sínú táyà mìíràn kí kọ̀ǹténà lè gba púpọ̀; wáyà inú irú rẹ̀ ti tẹ̀ kó tó dé Àpápá. Tèmi, ẹsẹ̀ 18 ni (irin àárín táyà jẹ́ ìnṣì 18), 235/60R18 ló ń wọ̀. Àwọn tó ní ẹsẹ̀ 19 ń lo 235/55R19. Ọkọ̀ yìí lé ní tọ́ọ̀nù méjì nítorí bátìrì, nítorí náà ẹ wo nọ́ńbà ẹrù tó tẹ̀ lé e: 103 ló wà lára tèmi, ìyẹn kílò 875 fún táyà kan. Ẹni tó bá fẹ́ ta 95 fún yín torí ó dínwó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kẹ́ ẹ rà pọ̀, irú kan náà.

Wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì mi pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, ti sọ ọ́ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò lè gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ra ọjà tó lábùkù. Mo ti kọ̀wé sí wọn, fọ́tò sìkánà àti ti táyà wà nínú rẹ̀. Oníṣòwò ti dá mílíọ̀nù kan padà. A ṣì wà lẹ́nu ìyókù.

Lọ́jọ́ tí a pààrọ̀ táyà, bàbá fọ́kánáísà wò mí títí. Ó ní kí n ta àwọn àtijọ́ fún òun, ₦8,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan wà tó máa ń rà wọ́n. Bàbá tó fi 2214 hàn mí! Mo yá ọ̀bẹ rẹ̀, mo sì la ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níṣojú rẹ̀. Wọ́n wà lẹ́yìn ilé mi báyìí, a gbin ṣọkọ sínú méjì.