Dáì àti tọ́ọ̀ṣì UV fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ń jò: ṣé ó tó owó rẹ̀?

Lábẹ́ Corolla 2003 sí 2008, ibi tí ọ́ìlì ti ń kán sílẹ̀ àti ibi tó ti ń jò kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Ó lè ti òkè pátápátá bẹ̀rẹ̀, kó gba ara ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀, kí atẹ́gùn ojú ọ̀nà gbá a lọ sẹ́yìn, kó wá máa kán ní ìdí jíà. Mẹkáníìkì á yọjú wo abẹ́ ọkọ̀, á ní síìlì kíránkì ẹ̀yìn (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tó ti pàdé jíà) ló ti lọ. Wọ́n á sọ jíà kalẹ̀, owó iṣẹ́ á wọgbó, ọ́ìlì á sì tún máa jò. Nítorí irú èyí ni páálí kékeré yìí fi wúlò: dáì inú rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ibi tó bá ti jò jáde á sì máa tàn lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì UV.

Ohun inú rẹ̀ kò pọ̀: ìgò dáì kan, tọ́ọ̀ṣì UV, àti awò ojú aláwọ̀ yẹ́lò. Dáì 30 ml tó fún ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE tó wà nínú Corolla yìí, tó ń gba ọ́ìlì lítà 3.7 pẹ̀lú fílítà. Kí ẹ sáà rí i pé ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lẹ rà. Dáì AC yàtọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì.

Dáì yẹn fúnra rẹ̀ kò lábùkù. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń ṣe àwúrúju. Èyí tó máa ń wà nínú páálí olówó pọ́ọ́kú sábà jẹ́ 395 nm (nm ni ìwọ̀n ìgbì iná), iná àlùkò rẹ̀ á mọ́lẹ̀ débi pé á bo ti dáì mọ́lẹ̀. Awò yẹ́lò yẹn ló máa ń gbà á là, pẹ̀lú òkùnkùn: ẹ dúró dalẹ́, tàbí kí ẹ fi tapólì bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá lè fi owó díẹ̀ kún un, kó ra tọ́ọ̀ṣì 365 nm lọ́tọ̀.

Fífọ ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun gan-an sì ni iṣẹ́. Ọ́ìlì àtijọ́ tó ti gbẹ mọ́ ara irin náà máa ń tàn díẹ̀ lábẹ́ iná UV, àwọ̀ rẹ̀ a máa ṣú, á fẹ́ jọ búlúù. Ti dáì máa ń tàn yòò, àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ yẹ́lò. Kí méjèèjì má baà dàpọ̀ mọ́ra yín lójú, ẹ fọ ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá tutù, ẹ fi ọṣẹ tó ń gé gírísì fọ̀ ọ́, ẹ sì fi nylon di ọ́tanétọ̀. Bẹntiróòlù tí àwọn kan ń fi fọ ẹ́ńjìnnì, iná ló ń pè.

Ẹ da dáì sí ojú ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ pa á, kí ẹ wò ó. Tí kò bá sí nǹkan, ẹ máa lo ọkọ̀ bí ẹ ti ń lò ó fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tó ga jù tó ń tàn ni orísun rẹ̀, gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ìṣàn lásán. Ẹ ṣọ́ra o: omi rédíétọ̀ aláwọ̀ ewé náà ń tàn. Ẹ fi ìka pa á. Tí kò bá yọ̀, kì í ṣe ọ́ìlì.

Lórí 1ZZ-FE, ibi méjì ló máa ń tàn jù. Àkọ́kọ́ ni gáásíkẹ́ẹ̀tì tapẹ́ẹ̀tì kọ́fà (rọ́bà abẹ́ ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì), tí ooru máa ń sọ di líle bí ike. Tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, gọ́ọ̀mù silicone kò ní ju ẹ̀kán méjì lọ, níbi tí kọ́fà tímíìnì ti pàdé sílíńdà héèdì. Àwọn tó ń pa gọ́ọ̀mù yíká gbogbo gáásíkẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ pé èyí tó bá yọ sínú lè já, kó lọ dí asẹ́ inú sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bóòtì rẹ̀ kò fẹ́ dídì tó le jù.

Ìkejì ni o-ring tẹ́ńṣọ́nà ṣéènì (èyí tó ń mú kí ṣéènì tímíìnì inú ẹ́ńjìnnì le dáadáa), rọ́bà kékeré tí nọ́ọ̀tì sípánà 10 méjì dì mú ní apá bẹ́líìtì. Rọ́bà yẹn kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Tí tẹ́ńṣọ́nà bá ti wà níta, ẹ má yí ẹ́ńjìnnì rárá, ṣéènì lè fò. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé títí, ẹ fi ìkọ́ rẹ̀ gbé e. Ẹ di nọ́ọ̀tì ní 9 Nm (ìyẹn ìwọ̀n bí a ṣe dì í le tó), ẹ fi ọwọ́ yí kíránkì díẹ̀ sí òsì kí ìkọ́ náà tú, lẹ́yìn náà ẹ yí i sí ọ̀tún. Ẹni tó bá dì í láìgbé ìkọ́ lè fọ́ nǹkan.

Kí ẹ tó ra gáásíkẹ́ẹ̀tì kankan, ẹ tú fáàfù PCV (èyí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì jáde), kí ẹ mì í. Tí kò bá dún, ó ti dí. Afẹ́fẹ́ á há sínú ẹ́ńjìnnì, á sì máa ti ọ́ìlì jáde níbi síìlì tó bá rọ̀ jù, títí kan èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀.

Ní ti oògùn tí wọ́n ń dà sí ọ́ìlì pé kó dá jíjò dúró: ó lè mú síìlì rọ́bà tó ti gan wú díẹ̀, kó fún yín ní àyè oṣù díẹ̀. Kò lè ṣe nǹkan kan fún o-ring tó ti já tàbí ibi tí gọ́ọ̀mù ti ṣí. 20W-50 tí wọ́n ń dà sí ẹ́ńjìnnì tí Toyota ní kí a máa da 5W-30 sí kì í wo jíjò náà sàn, ó kàn ń dín ìṣàn rẹ̀ kù ni.

Ní tèmi, mo fún dáì ní máàkì 9 nínú 10, mo fún tọ́ọ̀ṣì inú páálí ní 4. Tí ọ́ìlì bá ṣì ń lọ sílẹ̀ lójú géèjì lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tí kò sì sí ibi kankan tó tàn, ẹ́ńjìnnì yẹn ló ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ lọ wo èéfín búlúù nídìí sálẹ́ńsà.